Windows 11 kò tẹ́ yín lọ́rùn? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin fún ẹni tó fẹ́ padà sí Windows 10

Ọjọ́ mélòó ló ti kọjá tí láptọ́ọ̀pù yín ti bọ́ sórí Windows 11? Ìbéèrè yìí ló ń pín ọ̀nà. Bí kò bá tíì ju ọjọ́ 10 lọ, Windows 10 yín ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n kàn ká a sápá kan ni, bọ́tìnì kan ló sì máa tẹ́ ẹ padà. Bó bá ti ju ọjọ́ 10 lọ, Windows ti pa á rẹ́ kó lè rí àyè, ẹ ó sì fi fláàṣì gbé òmíràn kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ lọ sí sọ́ọ̀bù ní Ọláìyá tàbí Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo láì mọ ìyàtọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí "fọ́máàtì" jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dá lábàá, ì báà jẹ́ ọjọ́ kẹta ni ẹ débẹ̀. Fọ́máàtì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lọ.

Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ là ń bá wí níbí. Èyí tó bá Windows 11 wá láti ilé iṣẹ́ kò ní bọ́tìnì ìpadà kankan, nítorí kò sí ibi tó ti wá. Fláàṣì nìkan ló kù fún un.

| | Dúró sórí 11, kí ẹ tún un ṣe | Bọ́tìnì Go back | Fláàṣì, láti ìpìlẹ̀ | Àwòrán dísíkì (ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí dísíkì) |
|---|---|---|---|---|
| Ìgbà tó ṣeé ṣe | Ìgbàkígbà | Láàárín ọjọ́ 10, àfi tí ẹ bá sún un síwájú | Ìgbàkígbà | Tí ẹ bá ti yà á sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò lórí 10 |
| Fáìlì yín | Kò sí ohun tó ṣe é | Kò sí ohun tó ṣe é | Ó lọ, àfi èyí tí ẹ bá kó sápá kan | Ó padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ya àwòrán |
| Sọ́fítíwià | Ó wà | Ti tẹ́lẹ̀ wà, èyí tí ẹ fi sí i lórí 11 lọ | Ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ fi sí i | Ti ọjọ́ náà padà |
| Dátà | Díẹ̀ | Kò gba nǹkan kan | Bíi 5GB sí 6GB, ọ́pdéètì lọ́tọ̀ | Ọ́pdéètì nìkan, ó sì lè pọ̀ |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ | Kéèyàn ra ẹ̀yà ara tí kò bá ẹ̀rọ mu | Iná tó lọ láàárín iṣẹ́, Windows.old tí ẹnì kan ti pa rẹ́ | Kéèyàn pa dísíkì tí kò yẹ rẹ́, àìsí dráífà (sọ́fítíwià kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ) | Àwòrán tí kò pé |

Ṣé Windows 11 ló ń dà yín láàmú lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá fún Windows 11, hádì dísíkì ló yẹ kó máa sá fún. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager ṣí, kí ẹ bọ́ sí Performance. Bí Disk bá dúró sí 100% fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ tan ẹ̀rọ, tí wọ́n sì kọ HDD sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, ohun tó ń yí nínú ẹ̀rọ yín bí àwo gírámáfóònù ló ń fa ìlọ́ra náà. Bí ẹ bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà sí Windows 10, ó máa yá díẹ̀, inú yín á dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ ó tún máa dúró dè é kó ṣí Word. SSD 256GB kan, ìyẹn dísíkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló ń wo àrùn yìí sàn, ì báà jẹ́ lórí 10 tàbí 11.

Kí ẹ tó ra SSD, ẹ ṣí ìdí ẹ̀rọ wò. Tòkunbọ̀ àtijọ́ máa ń gba SATA oníínṣì 2.5, tó fẹ̀ tó hádì dísíkì tí ẹ máa yọ. Ti àìpẹ́ máa ń ní àyè M.2, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ṣíńgọ́ọ̀mù. M.2 SATA àti M.2 NVMe sì jọ ara wọn bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó gba ọ̀kan lè má gba èkejì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ gbé fọ́tò náà lọ sọ́jà.

RAM, àyè tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni ìkejì. 4GB ni ohun tó kéré jù tí Windows 11 gbà. Ó máa ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣí Chrome pẹ̀lú WhatsApp àti Excel lórí rẹ̀, ó di kí ẹ máa wo òbìrí tó ń yí. 8GB ni kí ẹ fi sọ́kàn. Igi RAM DDR3L kì í wọ ihò DDR4, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun máa "tì í wọlé díẹ̀díẹ̀", ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n máa ń fi kan Windows 11 ni pé sọ́fítíwià àtijọ́ kan kò ṣí mọ́. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe mónógírámù sára aṣọ mọ èyí dáadáa: sọ́fítíwià iṣẹ́ ọnà náà ní kọ́kọ́rọ́ USB kékeré kan tó gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ kó tó ṣí, dráífà kọ́kọ́rọ́ náà sì ti pẹ́. Lórí Windows 11, ààbò kan tó ń jẹ́ Memory integrity ló máa ń dínà mọ́ irú dráífà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ lọ sí Device security, kí ẹ tẹ Core isolation details. Bí Memory integrity bá wà ní títàn, ẹ wo Review incompatible drivers tó bá wà níbẹ̀, yóò kọ orúkọ dráífà tó ń jà. Ẹ kọ́kọ́ wá dráífà tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe kọ́kọ́rọ́ náà. Bí kò bá sí, ẹ lè pa Memory integrity, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ààbò ẹ̀rọ dín kù báyẹn, kò sì yẹ kí ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣe báńkì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà, ó sì sàn ju kí ẹ sọ gbogbo ilé di ahoro nítorí ilẹ̀kùn kan.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ gbìyànjú dráífà Windows 10 rẹ̀ tó jẹ́ ti 64-bit lórí Windows 11 ná. Ó máa ń gbà, nítorí bákan náà ni méjèèjì ṣe ń bá dráífà lò. Èyí tí kò ní gbà láé ni dráífà tó jẹ́ 32-bit nìkan: Windows 11 kò ní ẹ̀dà 32-bit rárá, Windows 10 sì ní in. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí skánà irú èyí ní ìdí tó dájú láti padà, fláàṣì tó ní Windows 10 ẹ̀dà 32-bit ló sì máa lò.

Àwọn mìíràn tó ní ìdí tó dájú ni àwọn tí wọ́n fi tipátipá ti ẹ̀rọ wọn sórí 11. Intel ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí, pẹ̀lú TPM 2.0, ṣíípù ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ wo inú System, kí ẹ wo nọ́ńbà Processor: i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà tó wà lórí Windows 11 ti gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọlé, Rufus, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe fláàṣì Windows, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, Microsoft kò sì ṣèlérí pé ọ́pdéètì á máa dé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Iná àti bátìrì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣàkóso iná gbogbo Nàìjíríà, ní National Control Centre, síbẹ̀ kò sí ẹni ní Òkè-Fìà tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iná ò ní lọ láàárín wákàtí kan sí i. Bọ́tìnì Go back àti fláàṣì, méjèèjì ló ń tún ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀mélòó kan, bí iná bá sì lọ lára tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ó lè dúró sí ibi tí kò ti lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ẹ mọ bí bátìrì ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ powercfg /batteryreport, kí ẹ ṣí fáìlì tó bá fún yín. Ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Bí èyí àkọ́kọ́ bá kéré sí ìdajì èkejì, ẹ má fọkàn tán an: ẹ fi ẹ̀rọ sára ìnfátà tàbí kí ẹ ti rọ epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ohun kejì ni kọ́kọ́rọ́ BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíkì. Windows 11 lè ti dísíkì pa fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ manage-bde -status nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator. Bó bá sọ pé Protection On, ẹ lọ sí account.microsoft.com/devices/recoverykey, kí ẹ da nọ́ńbà 48 náà kọ sórí ìwé. Sórí ìwé o, kì í ṣe sórí ẹ̀rọ kan náà tí ẹ fẹ́ tú.

Bọ́tìnì Go back

Nígbà tí Windows 11 wọlé, ó kó Windows 10 sínú fóldà kan lórí C: tó ń jẹ́ Windows.old, tó lè ju 20GB lọ. Fóldà yìí gan-an ni ọ̀nà ìpadà yín. Ọjọ́ 10 tó bá pé ló ń pa á rẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń wá àyè náà sì ń pa á rẹ́: ó wọ Disk Cleanup tàbí Temporary files, ó rí Previous Windows installations tó gba àyè ńlá, ó fàmì sí i. Bí àyè bá há lórí C:, fídíò ni kí ẹ kó kúrò, ẹ má fọwọ́ kan èyí.

Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ bóyá ẹ máa padà, ẹ ra ọjọ́ sí i lónìí. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator:

DISM /Online /Get-OSUninstallWindow

Èyí á sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Lẹ́yìn náà:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

60 ni òpin rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọjọ́ 10 tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tó lè jí Windows.old dìde. Kí a sọ òótọ́, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí 11, àṣẹ kan ṣoṣo yìí wúlò ju gbogbo ohun tó kù nínú ìfiwéra yìí lọ, nítorí ó fún yín ní oṣù méjì láti fi dán sọ́fítíwià, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín wò.

Nígbà tí ẹ bá ti pinnu, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n sọnù. Ẹ yọ fláàṣì àti hádì dísíkì àfikún kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ lọ sí Settings, System, Recovery, kí ẹ tẹ Go back. Yóò bi yín ní ìdí, ẹ fàmì sí èyíkéyìí. Yóò ní kí ẹ wá ọ́pdéètì ná, ẹ tẹ No, thanks. Yóò wá kìlọ̀ pé kí ẹ rántí páásíwọ̀dù tí ẹ ń lò lórí Windows 10. Ẹ má fojú fo ìkìlọ̀ yìí: ẹni tó ti yí páásíwọ̀dù rẹ̀ padà lórí 11 lè rí i pé ti àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè. Láti ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Lórí SSD, ó lè má tó ìdajì wákàtí. Lórí hádì dísíkì, ẹ lọ se oúnjẹ. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀, ẹ má tẹ bọ́tìnì ìtannà.

Ó lè kọ̀, kó ní ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì tí ẹ dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bọ́ sórí 11. Bí ẹ bá ti ya àkáǹtì fún ọmọ tàbí akọ̀wé yín lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ kó fáìlì rẹ̀ jáde, kí ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́ pátápátá nínú Other users, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá sọ pé fáìlì tí òun fẹ́ lò ti kúrò níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ti pa Windows.old rẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi àsìkò ṣòfò, ẹ kọjá sí fláàṣì.

Bí Windows 11 kò bá tiẹ̀ ṣí mọ́, ọ̀nà ṣì wà: ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ pa á tipátipá bó ṣe ń ṣí, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, títí Automatic Repair á fi yọjú. Ẹ tẹ Advanced options, Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates, kí ẹ yan Uninstall latest feature update.

Ohun méjì kan wà nínú Windows tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú fún ọ̀nà ìpadà. Reset this PC kì í gbé yín padà sí 10. Ó máa fọ Windows 11, kó tún Windows 11 gbé kalẹ̀. System Restore náà kì í fò láti 11 sí 10. Ẹni tó fi Reset wá Windows 10 ti pàdánù sọ́fítíwià rẹ̀ lásán ni.

Fláàṣì, láti ìpìlẹ̀

Ọ̀nà yìí ló mọ́ jù, òun náà ló sì ń bani nínú jẹ́ jù bí ẹ bá kánjú. Lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ wá ojú ewé Windows 10 lórí ìkànnì Microsoft, kí ẹ gba Media Creation Tool. Fláàṣì 8GB ni ó kéré jù, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa lọ. Ẹ ṣọ́ra fún fláàṣì ayédèrú tó kọ 64GB sára ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kò tó 8GB: iṣẹ́ náà á dé ìparí láìkùnsínú, ẹ ó sì wá rí i pé ìgbékalẹ̀ ń kú láàárín ọ̀nà. Sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ H2testw ló ń tú àṣírí irú fláàṣì bẹ́ẹ̀. Gbígba Windows náà yóò jẹ dátà tó 5GB sí 6GB, nítorí náà, dátà òru ni kí ẹ fi gbà á bí ẹ bá lè jí.

Ẹ má yọ Windows 11 kúrò kí ẹ tó ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ wo Settings, System, About: ṣé Home ni àbí Pro? Èyí tí ẹ bá ní ni kí ẹ gbé kalẹ̀. Bí ẹ bá gbé Pro sórí ẹ̀rọ tó ní ìwé àṣẹ Home, kò ní ṣí ara rẹ̀ (activate). Ẹ kọ slmgr /xpr nínú Command Prompt. Bó bá sọ pé permanently activated, ìwé àṣẹ yín wà lọ́dọ̀ Microsoft, ó so mọ́ ara ẹ̀rọ náà, ẹ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ta kọ́kọ́rọ́ fún yín. Bó bá dá ọjọ́ tí yóò parí fún yín, KMS, ọ̀nà ìṣí Windows tó wà fún ilé iṣẹ́ ńlá, ni wọ́n fi ṣí i, ọjọ́ 180 ló sì ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Tòkunbọ̀ tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ gidi. Ìkẹta, ẹ kó dráífà yín sápá kan. Bí fláàṣì kejì bá jẹ́ E:, ẹ ṣí fóldà dráífà sórí rẹ̀, kí ẹ kọ:

pnputil /export-driver * E:\draifa

Èyí máa gbà yín lọ́wọ́ ìṣòro Wi-Fi tí mò ń bọ̀ wá sọ.

Ẹ wá tan ẹ̀rọ pẹ̀lú fláàṣì. HP ń lo F9, Dell F12, Lenovo F12 lórí ThinkPad, àwọn Lenovo mìíràn sì ní ihò Novo tí ẹ máa fi pín-ìn tẹ̀. Acer ń lo F12, ṣùgbọ́n ẹ lè ní láti kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ nínú BIOS, ètò ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí. Nínú àkójọ tó bá yọ, ẹ yan èyí tó ní UEFI ṣáájú orúkọ fláàṣì. Bí ẹ bá yan èyí tí kò ní in, ẹ ó dé ibi dísíkì, wọn ó sì sọ pé GPT ni dísíkì yín, pé kò ṣeé gbé sórí rẹ̀. Dísíkì náà kò ní àrùn o. Ẹ kàn padà sẹ́yìn, kí ẹ yan UEFI.

Nígbà tí wọ́n bá béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ I don't have a product key. Lẹ́yìn náà, Custom, kì í ṣe Upgrade.

Ibi yìí wá ni kí ẹ ti mí kanlẹ̀. Ojú ewé kan á yọ tí wọ́n kọ Where do you want to install Windows sí. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ní SSD 256GB, ẹ ó rí Drive 0 tí wọ́n pín sí mẹ́rin: System tó jẹ́ 100MB, MSR tó jẹ́ 16MB, Primary tó tó 237GB, àti Recovery tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan MB. Àpapọ̀ wọn kò ní pé 256, 238 ló máa jẹ́, nítorí bí Windows ṣe ń ka iye yàtọ̀ sí bí ẹni tó ṣe dísíkì ṣe kà á. Hádì dísíkì 500GB á kọ 465GB. Ti 1TB á kọ 931GB. Ìwọ̀n yìí ni ẹ fi máa dá wọn mọ̀, kì í ṣe orúkọ, nítorí C: àti D: tí ẹ mọ̀ kò ní hàn níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní dísíkì méjì, èyí tí ẹ kó fọ́tò ìgbéyàwó sí lè jẹ́ Drive 0, kí SSD jẹ́ Drive 1. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tú dísíkì fọ́tò náà kúrò lára ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí D: yín bá wà lórí dísíkì kan náà pẹ̀lú C:, ẹ ó rí Primary kejì: ẹ má fọwọ́ kan án. Ìyókù tó wà lórí dísíkì Windows yẹn nìkan ni kí ẹ máa tẹ Delete lé lórí títí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fi di Unallocated Space. Ẹ yan àyè tó tóbi jù nínú rẹ̀, ẹ tẹ Next. Kò sí ìdí láti tẹ New tàbí Format.

Bí ojú ewé yìí bá ṣófo, tí kò sí dísíkì kankan níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta SSD tuntun fún yín. Láti Intel ìran kọkànlá sókè, ètò kan tó ń jẹ́ VMD lè fi dísíkì pamọ́ fún Windows 10 títí ẹ ó fi fún un ní dráífà Intel RST. Ẹ gbà á láti ìkànnì ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù, ẹ kó o sórí fláàṣì, ẹ tẹ Load driver. Bí BIOS bá gbà, ẹ tilẹ̀ lè pa VMD níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé Windows kalẹ̀ ni, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ tún ara rẹ̀ tàn, ẹ yọ fláàṣì. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti A, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ní ibi íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ I don't have internet, kí ẹ tẹ Continue with limited setup, ẹ ó sì lè dá àkáǹtì tí kò nílò Microsoft sílẹ̀.

Wi-Fi lè má hàn lẹ́yìn gbogbo èyí. Ẹ lọ sí Device Manager, ibi tó ní àmì òféfèé ni dráífà ti sọnù. Ẹ fọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, Update driver, Browse my computer, kí ẹ tọ́ka sí fóldà tí pnputil kó sí. Púpọ̀ nínú dráífà Windows 11 ló ń gbà lórí 10. Bí ẹ kò bá kó nǹkan kan, ẹ fi wáyà USB so fóònù Android mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan USB tethering nínú fóònù. Windows 10 máa rí i gẹ́gẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè dráífà kankan, Windows Update á sì wá ìyókù fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ dátà yín o, nítorí kì í ṣe dráífà nìkan ló máa gbà.

Àwòrán dísíkì

Èyí wà fún ẹni tó ti ya àwòrán gbogbo C: sórí dísíkì àfikún kí ó tó bọ́ sórí 11. Backup and Restore, tí wọ́n ṣì ń pè ní Windows 7 nínú Control Panel, lè ṣe é. Láti dá a padà, ẹ gba Troubleshoot, Advanced options, System Image Recovery. HP kan ní F11 tó ń dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe rí láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti pààrọ̀ dísíkì rẹ̀, bíi ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, kò ní apá yẹn mọ́. Bí ó bá sì wà, Windows 10 àtijọ́ ló máa gbé jáde, ọ́pdéètì ọdún mẹ́ta sì lè jẹ dátà ju ti fláàṣì lọ.

Ohun tí Windows 10 ń ná yín lẹ́yìn ìpadà

Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀rọ kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè bá rí nínú rẹ̀ kò ní dí mọ́, àfi tí ẹ bá wọ ètò ESU, ìyẹn àfikún ọ́pdéètì ààbò, tí wọ́n kéde fún àwa aráàlú títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ó gba 22H2, ẹ̀dà Windows 10 tó kẹ́yìn, àti àkáǹtì Microsoft. Ẹ lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá jẹ́ kí Windows Backup máa tọ́jú sẹ́tíńgì yín, tàbí kí ẹ fi 1,000 àmì Microsoft Rewards san án, tàbí dọ́là 30. Ìwé àṣẹ kan tó ẹ̀rọ 10 tó ń lo àkáǹtì kan náà. Ẹ wá Enroll now nínú Windows Update.

Nínú Windows Update kan náà, wọ́n á tún máa fi 11 lọ̀ yín. Ẹ tẹ Stay on Windows 10 for now. Ẹni tó ní Pro lè ti ilẹ̀kùn náà gbọn-in: gpedit.msc, Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Windows Update, Windows Update for Business, Select the target Feature Update version, kí ẹ kọ Windows 10 àti 22H2.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ní HDD àti 4GB: ẹ fi owó fọ́máàtì kún owó SSD, ẹ dúró sórí 11. Ẹni tó wà láàárín ọjọ́ 10, tí sọ́fítíwià iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti ṣí, tí Memory integrity kò sì ràn án lọ́wọ́: Go back, lónìí. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Alékúwodò tó ní skánà 32-bit: fláàṣì, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún skánà, tí wọn kò ní fi wọ báńkì. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà tí wọ́n ti tipátipá sórí 11: fláàṣì pẹ̀lú ESU. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju íntánẹ́ẹ̀tì àti kíkọ ìwé lọ, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, lè gbà á, kò sì ní béèrè ìwé àṣẹ.

Bó bá jẹ́ ẹnjinníà lẹ máa gbé e fún, ẹ kó fáìlì yín sórí dísíkì tiyín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ Home tàbí Pro sórí ìwé fún un. Nígbà tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ jókòó tì í ní sọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kọ winver, kó hàn pé 22H2 ni. Ẹ kọ slmgr /xpr, kí ẹ rí permanently. Ẹ ṣí Device Manager, kí àmì òféfèé má sí níbẹ̀. Ẹ tan kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ so Wi-Fi, ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù kí ẹ tún ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá á jí.